Ọkùnrin Ẹlẹ́pà: Ìgbésí Ayé George Washington Carver

Gbèsè ni mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí san. Ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, nígbà tó kàn mí láti darí ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo yọ ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò mi, irú èyí tí wọ́n ń rọ bọ́tà ẹ̀pà sí fún jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí èèyàn lè fi eyín já létí kó sì máa fà á mu bó ti ń sáré láti kíláàsì kan sí òmíràn. Mo gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Mo ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí sóko ẹrú ló gbàdúrà títí Ọlọ́run fi fi bọ́tà ẹ̀pà hàn án. Àwọn ará pàtẹ́wọ́, a ṣe Halelúyà. Lẹ́yìn ìpàdé ni arábìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra sọ fún mi pé George Washington Carver kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Ojú tì mí. Mo ti dúró níwájú àwọn èèyàn Ọlọ́run, mo sọ ohun tí n kò wádìí, mo sì fi orúkọ Ọlọ́run tì í lẹ́yìn. Mo wá lọ ka ìtàn ọkùnrin náà dáadáa, ohun tí mo rí sì dùn ju irọ́ tí mo pa lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Nǹkan bí ọdún 1864 ni, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ, ní Diamond ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹrú ni Mary ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Moses Carver ló rà á ní 1855 ní 700 dọ́là, nígbà tí kò tíì ju ọmọdébìnrin lọ. Bàbá ọmọ náà ti kú kí ó tó gbọ́njú. Nígbà tí George ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, àwọn ajínigbé ya wọ oko náà, wọ́n gbé òun àti ìyá rẹ̀ lọ. Moses Carver rán ẹnì kan tẹ̀lé wọn. Ọmọ nìkan ni onítọ̀hún rí gbà padà, ó ń wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ kú, ẹṣin kan ni Moses sì fi san oore fún un. Kò sẹ́ni tó tún fojú kan Mary mọ́. Àwa tí à ń gbé Port Harcourt mọ ohun tí ìjínigbé máa ń ṣe sí ìdílé, n kò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni níbí.

Moses àti Susan ìyàwó rẹ̀ ló tọ́ George àti Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jim lágbára, ó ń bá wọn roko. George ń ṣàìsàn ṣáá, nítorí náà ọ̀dọ̀ Susan nínú ilé ló wà. Ó kọ́ bí a ti ń dáná, bí a ti ń ránṣọ, bí a ti ń fọṣọ tí a sì ń lọ̀ ọ́. Ẹ fi ti aṣọ fífọ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun ló padà rán an ní yunifásítì. Ó ní ọgbà kékeré kan nínú igbó tí kò fi han ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ló ti ń tọ́jú òdòdó tó bá ń rọ. Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí gbé ewéko tó ń kú lọ bá a bí ẹni gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọmọ òyìnbó aládùúgbò kan sọ fún un nípa ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi àti nípa àdúrà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Ó gun òkè àká lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá àgbàdo, ó sì ṣe é bó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí pẹpẹ, kò sí olùdarí orin, kò sẹ́ni tó gbọ́wọ́ lé e lórí. Nígbà tó dàgbà, ọjọ́ yẹn ló máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá bi í léèrè bó ṣe di onígbàgbọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Diamond kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú. Òun nìkan ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí Neosho, nǹkan bí kìlómítà mẹ́tàlá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ dúdú. Inú àká ẹni ẹlẹ́ni ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àṣé àká Andrew àti Mariah Watkins ni. Mariah, agbẹ̀bí tó tún ń fọṣọ fún owó, mú un sílé. Nígbà tó bi í lórúkọ, ó ní òun ni George ti Carver, bí ẹrú ti ń jẹ́ ti olówó rẹ̀. Mariah ní kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, láti ọjọ́ náà George Carver ni. Ó fún un ní Bíbélì kan, ó sì kì í nílọ̀ pé kó kọ́ gbogbo ohun tó bá lè kọ́, kó sì padà fi fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Kansas. Ní Fort Scott, ní 1879, ó fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn jàǹdùkú ṣe pa ọkùnrin dúdú kan láìsí ìdájọ́. Ó kúrò nílùú náà. Ó ń dáná fún èèyàn, ó ń fọṣọ, ó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ nílùú kan títí di ìlú mìíràn, títí ó fi parí ti girama. Ó wá kọ̀wé sí Highland College, wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn ti gbà á. Inú rẹ̀ dùn, ó wọkọ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó bá ti rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìgbàwọlé rí, tí wọ́n tún wá yọ ọ́ kúrò, yóò mọ bí ìrìn àpadàbọ̀ yẹn ṣe gùn tó. Ó lọ dáko fúngbà díẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò lójò, ọdún díẹ̀ sì kọjá kó tó tún gbìyànjú.

Simpson College ní Iowa ló gbà á ní 1890. Lẹ́yìn tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ tán, sẹ́ńtì mẹ́wàá péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi márùn-ún ra ìyẹ̀fun àgbàdo, ó fi márùn-ún ra ọ̀rá màlúù, ohun tó fi gbé ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gààrì àti omi tútù parí oṣù ní họ́stẹ́ẹ̀lì, ẹ ti ní baba ìsàlẹ̀.) Ó ń fọṣọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè rí owó. Àwòrán kíkùn ni ó fẹ́ràn jù, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé wọ́n pàtẹ àwòrán rẹ̀ kan níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Chicago ní 1893. Ṣùgbọ́n Etta Budd tó ń kọ́ ọ ní àwòrán ronú pé aláwọ̀ dúdú tó ń kùn àwòrán kò ní rí jẹ. Ó gbà á níyànjú pé kó lọ kọ́ nípa ewéko ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ames. Ó lọ ní 1891, òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà níbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù jẹun. Ìsàlẹ̀ ilé, lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n ní kó ti máa jẹun. Ìyá òyìnbó kan tó mọ̀ ọ́n láti Simpson gbọ́, ó wọkọ̀ wá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì bá a jẹun. Nǹkan yí padà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó gboyè àkọ́kọ́ ní 1894, ó gba ti másítà ní 1896.

Wọ́n fẹ́ kó dúró ní Ames. Ṣùgbọ́n Booker T. Washington kọ̀wé sí i láti Tuskegee ní Alabama, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹni tó ti ṣẹrú, ó ní kó máa bọ̀. Carver dé ní 1896, ó sì lo ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta níbẹ̀. Kò bá yàrá ìwádìí kankan. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣa ìgò, agolo àti ìkòkò tó ti fọ́ lórí ààtàn, nǹkan wọ̀nyẹn ló sọ di ohun èlò. Ó jẹ́ ẹni Ọlọ́run lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe áńgẹ́lì. Kò mọ ètò ọ́fíìsì ṣe, òun àti ọ̀gá rẹ̀ jà lórí ọgbà adìyẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń halẹ̀ pé òun á fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ náà ni.

Ilẹ̀ Alabama nígbà náà ti kú. Òwú ni wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún, òwú sì ti fa gbogbo oúnjẹ inú ilẹ̀ tán. Àwọn àgbẹ̀ dúdú wà nínú gbèsè, torí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro, wọ́n sì ń pín èrè pẹ̀lú onílẹ̀. Carver ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà àti ẹ̀pà sí i. Ara gbòǹgbò ẹ̀pà ní àwọn kókó wẹ́wẹ́, inú wọn ni bakitéríà ń gbé tó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń jí padà láìra ajílẹ̀. Ní 1906 wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ìbaaka ń fà, tí wọ́n kó irúgbìn àti irin iṣẹ́ sí, kí ẹ̀kọ́ lè lọ bá àgbẹ̀ tí kò lè wá sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí kòkòrò òwú wá jẹ oko wọn run, ọ̀pọ̀ rí i pé ohun tó ń sọ ò ṣeé fojú fò.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, kí ni kí àgbẹ̀ fi ẹ̀pà púpọ̀ ṣe? Ní 1916 Carver tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀pà àti ọ̀nà 105 tí wọ́n lè gbà sè é. Bọ́tà ẹ̀pà kì í ṣe ohun tuntun rárá nígbà náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀pà ti ṣẹ̀ wá, ti ń lọ̀ ọ́ tipẹ́tipẹ́. Marcellus Gilmore Edson, ará Montreal ní Kánádà, ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ kúnná ní 1884. John Harvey Kellogg béèrè fún tirẹ̀ ní 1895, nígbà tí Carver ṣì ń kàwé lọ́wọ́ ní Ames. Ìwé àṣẹ mẹ́ta péré ni Carver gbà láyé rẹ̀, lórí ohun ìpara àti ọ̀dà ni, kò sí bọ́tà nínú wọn. Àwọn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta tí wọ́n ní ó fi ẹ̀pà ṣe, ọ̀pọ̀ wọn ni àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló sì dé ọjà.

Ká tiẹ̀ sọ tòótọ́, kò sẹ́ni tó lè wá kọ́ àwọn ará ìhà ibí yìí ní ẹ̀pà lílọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọlé àwọn ọmọ Íbò ní Choba ni wọ́n gbé ose oji síwájú mi: ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ ata àti èròjà olóòórùn dídùn, tí wọ́n ń fi ìkàn tútù tọ́ lá. Ẹ̀pà fúnra rẹ̀ ti ọwọ́ àwọn Potogí dé ilẹ̀ wa, àwọn ará Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń pè é ní goober di òní, ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Kóńgò wá. Ní 1996 ni wọ́n ṣe Plumpy'Nut nílẹ̀ Faransé: ẹ̀pà lílọ̀, wàrà gbígbẹ, ṣúgà, òróró àti fítámì nínú ọ̀rá gíráàmù 92, fún ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ omi, ìyá lè fún ọmọ rẹ̀ nílé. Wọ́n lò ó gan-an ní Niger nígbà ìyàn 2005. Ọ̀rá tí mo gbé sókè lọ́jọ́ náà bá ìyẹn tan ju bó ti bá Carver tan lọ.

Ohun tó sọ Carver di olókìkí ni ọjọ́ tó lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní Washington, ní oṣù kìíní 1921. Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́pà ló rán an, wọ́n fẹ́ kí ìjọba fi owó ibodè lé ẹ̀pà òkèèrè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Bó ti ń yọ ẹrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn fi wọ́tàmẹ́lọ̀nù bú u, irú yẹ̀yẹ́ tí wọ́n máa ń fi aláwọ̀ dúdú ṣe. Carver kò bínú. Ó ní ohun ìpanu lẹ́yìn oúnjẹ nìyẹn, èèyàn lè wà láìjẹ ẹ́. Wọ́n fi àkókò kún tirẹ̀, wọ́n tún fi kún un, nígbẹ̀yìn wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n sì fi owó ibodè náà lé e.

Ibi tó wá kan èmi nìyí. Ní oṣù kọkànlá 1924 ó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní New York, ó ní òun kì í gbé ìwé wọ yàrá ìwádìí, Ọlọ́run ló ń fi ohun tí òun yóò ṣe hàn òun. Ìwé ìròyìn New York Times bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún. Ó kọ lẹ́tà gígùn padà, ó sì ka àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó lọ sílẹ̀, àti àwọn ìwé àti onímọ̀ tó kọ́ ọ. Kò sẹ́ ìfihàn Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ ìwé tó kà. Mo ka ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo sọ fún àwọn ará pé àdúrà nìkan ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo dìde nípàdé, mo jẹ́wọ́ pé mo ṣìnà, arábìnrin náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́ láti ẹ̀yìn.

Carver kò gbéyàwó. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bíbélì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó sì ń wá pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá mú wọn. Aṣọ kan náà ló ń wọ̀ lọ́dún lọ́dún, òdòdó tuntun sì máa ń wà ní àyà rẹ̀. Nǹkan bí 60,000 dọ́là tó tọ́jú ló fi sílẹ̀ fún ìwádìí ní Tuskegee. Ó ṣubú ní ìparí 1942, ó sì kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní 1943. Ẹ̀gbẹ́ Booker T. Washington ni wọ́n sin ín sí. Títí tó fi darúgbó, ó tọ́jú kẹ̀kẹ́ ìrànwú tí ìyá rẹ̀ lò sínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi ra Mary ní 700 dọ́là.