Dókítà Sápárà, Ẹni Tó Wọ Awo Nítorí Ìwádìí



Ọdún 1861 ni wọ́n bí i ní Freetown, ní Sàró. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀. Alexander Johnson Williams ló kọ́kọ́ ń jẹ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó di Ògúntọ́lá Sápárà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Òun lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú ọba, ó gbàwé ẹ̀rí ní 1895, ó sì wá ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó.

Igbóná ń pa èèyàn gan-an nígbà yẹn. Bó bá pa ẹnìkan, àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná ló ń sin ín, àwọn náà ló ń kó ẹrù òkú lọ. Mọ̀lẹ́bí ò gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n á máa dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alápadúpẹ́.

Sápárà fura. Kò jókòó sí ọ́fíìsì o! Ó wọ ẹgbẹ́ awo wọn, kò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó bá wá. Ó ní wọ́n ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ó tú àṣírí yìí, ìjọba òyìnbó sì fi òfin de ìsìn náà. Ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tí awo lè fojú ẹni tó tú àṣírí rí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn. Èémí ni igbóná ń bá rìn jù. Ẹni tó bá jókòó ti aláìsàn lè fà á símú. Ṣé abọrẹ̀ nìkan ló wá ń tàn án kálẹ̀ ni? Àwọn kan tiẹ̀ ní èépá yẹn lè jẹ́ àjẹsára àtijọ́. Ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú, Onesimus, ló ṣàlàyé irú rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Boston: wọ́n á sín gbẹ́rẹ́, wọ́n á fi ọyún igbóná sí i, kó má baà padà wá pa onítọ̀hún. Wọ́n lò ó níbẹ̀ ní 1721. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣe é fún lè kó o ran ará ilé rẹ̀, ìyẹn ló sú mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jà lórí pé ṣé ó yẹ kí dókítà fi ẹ̀tàn wọlé. Lónìí, ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìṣègùn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ yẹ̀ wò. Wọn ò jẹ́ gbà fún Sápárà láé. Ohun tí kò sì jẹ́ kí àríyànjiyàn náà tán ni pé inú awo ló ti rí ohun tó rí. Kò rọrùn kí ẹlòmíràn tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò kórìíra ìṣègùn ilé o. Ó yẹ ewé àti egbò Yorùbá wò dáadáa. Ó kú ní 1935. Igbóná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé.

Àpá bupá ṣì wà lápá ìyá mi àgbà n'Ílọrà. Mo bi í léèrè nípa igbóná, ó ní kí n yé pe orúkọ rẹ̀, Olóde ni kí n máa wí.