MÁ ṢE KÚRÒ NÍNÚ ỌKỌ̀

KÀ: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:20-44
ÀKỌ́SÓRÍ: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:31 (Ṣí Bíbélì rẹ, kí o kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì.)

Olùfẹ́, ǹjẹ́ o ti dé ibì kan rí nínú ìrìn àjò ayé rẹ tí kò sí bí o ṣe lè padà sẹ́yìn, tí ohun tó wà níwájú sì ń dẹ́rù bà ọ́? Ní òwúrọ̀ yìí, gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tó dé irú ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni John Wesley Powell.

A bí i ní ọdún 1834 ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀, o sì lè rí i nínú orúkọ tó sọ ọmọ náà. Bàbá fẹ́ kí ó di oníwàásù, ṣùgbọ́n odò, òkúta àti ewéko ni ọkàn ọmọ fà sí. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 1862, ìbọn bà á ní apá ọ̀tún ní ojú ogun Ṣílò, wọ́n sì gé apá náà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un.

Ọwọ́ kan yìí ló fi dáwọ́ lé ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ pípé, ọlọ́wọ́ méjì, kò jẹ́ dánwò. Odò Colorado gba inú àfonífojì kan tí à ń pè ní Grand Canyon. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 277 máìlì, ògiri àpáta rẹ̀ sì ga tó máìlì kan ní àwọn ibòmíràn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbé agbègbè náà láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n òfìfo ni ibẹ̀ wà nínú àwòrán ilẹ̀ ìjọba. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1869, Powell àti ọkùnrin mẹ́sàn-án wọ ọkọ̀ onígi mẹ́rin ní Green River ní Wyoming. Oúnjẹ oṣù mẹ́wàá ni wọ́n kó dání.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àjálù fi dé. Ní ibì kan tí omi ti ń já lulẹ̀ láàárín àpáta, ọkọ̀ kan kò tètè rí àmì pé kí wọ́n yà sí èbúté. Omi gbé e, ó sì fọ́ ọ yángá. Wọ́n rí àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ púpọ̀ bá omi lọ. Disaster Falls ni wọ́n sọ ibẹ̀, èyí tí í ṣe Omi Àjálù. Nígbà tí oṣù keje bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yọ náà sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Powell àti George Bradley ń gun àpáta. Powell dé ibi tí kò lè gòkè mọ́, tí kò sì lè sọ̀kalẹ̀. Bradley wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí okùn. Kí ló ṣe? Ó bọ́ ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ tó gùn, ó nà án sílẹ̀ sí i. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí Powell ní ló fi di òkúta mú! Ó ní láti jọ̀wọ́ òkúta náà pátápátá kí ó tó lè di ṣòkòtò mú. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì yè. Ará mi, nígbà mìíràn, ìrànlọ́wọ́ tí Ọlọ́run rán sí ọ kò ní jọ okùn. Má tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ọlọ́run kò sì fi ọ̀nà náà sílẹ̀ láìsí ìtura. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, wọ́n rí omi tó ń tú jáde láti inú ihò ní ara ògiri àpáta gíga, ó ń dà wálẹ̀, gbogbo ibi tó kàn sì tutù yọ̀yọ̀ fún ewéko. Vasey's Paradise, Párádísè Vasey, ni Powell pè é, ní orúkọ onímọ̀ ewéko kan. Ní ọjọ́ 23, wọ́n tún rí omi mìíràn tó fò láti orí àpáta sínú odò, ó ga ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Deer Creek ni wọ́n ń pè é lónìí. Síbẹ̀, ebi ń pa àwọn tó ń wo ẹwà yìí. Ẹran wọn ti bàjẹ́. Ìyẹ̀fun wọn ti bu, wọ́n ní láti fi àwọ̀n ẹ̀fọn sẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n dé ibi tí omi ti ń ru gùdù tí ó burú ju gbogbo èyí tí wọ́n ti là kọjá lọ. Ìyẹ̀fun tó kù kò ju ti nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Ní alẹ́, O. G. Howland wá bá Powell pé kí gbogbo wọn fi odò sílẹ̀, kí wọ́n gun òkè jáde. Powell gbé ohun ìwọ̀n rẹ̀, ó fi ìràwọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà, ó sì ya ọ̀nà náà sórí iyanrìn. Ìṣirò rẹ̀ ni pé ẹnu odò Virgin, níbi tí ènìyàn ń gbé, kò ju nǹkan bí 90 máìlì lọ lójú omi. Síbẹ̀ òun náà kò lè sùn. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí iyanrìn di òwúrọ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó gbà láti fi odò sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mẹ́fà dúró. Àwọn mẹ́ta lọ: Howland, Seneca àbúrò rẹ̀, àti William Dunn. Kò sí ìjà. Ẹnì kan nínú àwọn tó dúró fún wọn ní aago rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun fún arábìnrin òun, nítorí ó rò pé inú omi ni òun yóò kú sí. Àwọn mẹ́ta dúró lórí àpáta, wọ́n ń wò wọ́n. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ méjì ti la omi náà kọjá! Wọ́n yìnbọn pé kí àwọn tó kù máa bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wá.

Ní ọjọ́ náà gan-an, omi líle mìíràn tún dojú kọ àwọn tó dúró. Wọ́n là á kọjá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, wọ́n dé ẹnu odò Virgin, wọ́n bá àwọn ènìyàn tó ń fi àwọ̀n pẹja. Àwọn ará ìletò gbé búrẹ́dì, wàràkàṣì àti èso bàrà wá fún wọn. Ọjọ́ méjì péré! Àwọn mẹ́ta tó gun òkè kò délé mọ́. A pa wọ́n lójú ọ̀nà. Powell di ọ̀gá àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1881 sí 1894, ó sì kú ní 1902.

Má ṣe fi àwọn mẹ́ta náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ojo ni wọ́n. Wọ́n ti fara da oṣù mẹ́ta nínú omi. Àárẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gba ìṣirò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn atukọ̀ inú ẹ̀kọ́ wa òní ṣe fẹ́ sá nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ tòsí. Pọ́ọ̀lù ní ju ìṣirò lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọkọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọkàn 276 ló gúnlẹ̀ láàyè.

Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìgbéyàwó rẹ lo fẹ́ fi sílẹ̀ ni, àbí àdúrà tí o ti ń gbà láti ọdún pípẹ́? Bí Ọlọ́run bá sọ pé kí o jáde, jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àárẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, padà sínú Ọ̀rọ̀ kí o tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. O lè ti sún mọ́ èbúté ju bí o ti rò lọ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Bàbá, mo dúpẹ́ fún omi tútù tí O ti fún mi mu nínú aginjù ayé mi.
2. Olúwa, má ṣe jẹ́ kí àárẹ̀ mú mi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí èbúté ti sún mọ́lé, ní orúkọ Jésù.
3. Dárúkọ ẹnì kan tó ti rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí o sì gbàdúrà okun fún un. Kàn sí i kí ilẹ̀ òní tó ṣú.