Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà: Akọni Tó Wá Ojú Ọ̀nà Àrùn Rí

Ní abúlé wa, Ọlọ́runṣògo, lẹ́yìn odi Ìbàdàn, àwọn àgbà kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀nná ní gbangba títí di òní. Wọn a ní Ọlọ́de, wọn a ní Ilẹ̀gbóná, wọn a sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì tán. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ìtàn Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, nítorí pé òun ló wọ inú awo lọ láti mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn.

Ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí i ní ọdún 1861. Ọmọ Iléṣà tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni ìyá rẹ̀. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher Sàpárà Williams, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Ní 1876 ìdílé wọn kó wá sí Èkó. Ó kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní 1888 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí London, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn St. Thomas, ó sì gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn ní Scotland ní 1895. Ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó di Ògúntọ́lá Sàpárà. Ní 1896 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó.

Ìgbà náà, ìjà òrìṣà ni gbogbo ayé ka ṣọ̀pọ̀nná sí. Bí ó bá pa ènìyàn, àwọn àwòrò rẹ̀ ní ń sin òkú, àwọn náà ní ń kó ẹrù olóògbé lọ. Sàpárà fura pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Kò jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa kọ̀wé lásán. Ó fi irú ẹni tí òun jẹ́ pa mọ́, ó sì wọ ẹgbẹ́ awo náà. Ẹ ro ewu tó wà nínú èyí wò! Ohun tó bá bọ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn a máa ha èépá egbò aláìsàn, wọn a sì fi ran ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó jábọ̀ fún ìjọba, ìjọba sì fi òfin de ìbọ Ṣọ̀pọ̀nná.

Kì í ṣe pé àwọn àwòrò nìkan ló ń tàn án kálẹ̀ o. Èémí àti aṣọ aláìsàn tó láti ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Sàpárà mọ̀ pé ohun kan wà nínú èépá yẹn tó ń gbé àrùn kiri. Ohun náà gan-an ni fáírọ́ọ̀sì.

Kí ni Sàpárà ìbá gbọ́ bí ó bá wà láyé ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, tí a rí aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà? Kòrónà kì í ṣe ẹbí ṣọ̀pọ̀nná, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò lè gbilẹ̀ láìwọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Pùròtéènì kan yọ lára kòrónà bí ẹ̀gún. Pùròtéènì mìíràn, ACE2, wà lára sẹ́ẹ̀lì imú àti ẹ̀dọ̀fóró wa. Iṣẹ́ rere ni ACE2 ń ṣe, ó ń bá ara ṣàkóso ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún yẹn bá a mu bí kọ́kọ́rọ́ ti bá àgádágodo mu. Bí wọ́n bá ti so mọ́ra, pùròtéènì ara wa mìíràn, TMPRSS2, a gé ẹ̀gún náà, awọ fáírọ́ọ̀sì a pò mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀kùn a sì ṣí. Àlejò burúkú yìí kì í dáná tirẹ̀. Ìkòkò onílé àti iná onílé ló fi ń se oúnjẹ. Sẹ́ẹ̀lì a pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì, a máa ṣe ọmọ fún fáírọ́ọ̀sì. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun ara a bínú kọjá ààlà, wọn a sì ba ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń gbèjà jẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ń kọ́ ara láti dá ẹ̀gún náà mọ̀, kí ó lè dènà rẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

Ní 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àrùn olówó ni kòrónà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní ìjà òrìṣà ni ṣọ̀pọ̀nná. Ẹni tí kò bá mọ ojú ọ̀nà àrùn, ẹnu ni yóò máa fi lé e.

Sàpárà kò kórìíra ohun àbáláyé. Ó ṣe ìwádìí lórí ewé àti egbò ilẹ̀ wa. Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó sì kú ní 1935. Kò rí ọdún 1970 tí a rí aláìsàn ṣọ̀pọ̀nná ìkẹyìn ní Nàìjíríà, kò sì rí 1980 tí a kéde pé ó ti tán ní gbogbo àgbáyé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a fi ti Sàpárà ṣe àríkọ́gbọ́n. Ọmọ tó bá wọ inú awo láti wádìí òtítọ́ kò ta ilé bàbá rẹ̀. Ó ń tún un ṣe ni.