Ronald Ross, Ẹni tí Ó Tú Àṣírí Ẹ̀fọn

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀fọn rí. Láti Adó-Èkìtì dé Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyìn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ sì ṣú, a máa kùn létí ẹni tí ó fẹ́ sùn. Síbẹ̀, láyé àtijọ́, àwọn baba wa gbà pé oòrùn ni ó ń fa ibà. Àwọn Òyìnbó sì gbà pé afẹ́fẹ́ búburú inú irà ni. Ronald Ross wà lára àwọn tí ó fi òtítọ́ hàn.

A bí Ross ní ìlú Almora, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1857. Ewì àti ìtàn kíkọ ni ọkàn rẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n baba rẹ̀, tí í ṣe ọ̀gágun, fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní London. Ní ọdún 1881 ó padà sí Íńdíà gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn.

Ní ọdún 1894, àgbà oníṣègùn kan, Patrick Manson, sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀fọn lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn ibà. Láti ọdún 1895 ni Ross ti ń la inú ẹ̀fọn, tí ó ń fi awò tí í sọ ohun kíkíní di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọdún méjì, asán ni gbogbo rẹ̀ já sí. Nínú ooru Secunderabad, kò jẹ́ kí a fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òun, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé àwọn ẹ̀fọn náà lọ. Òógùn rẹ̀ mú kí irin awò náà dógùn-ún. Kò mọ̀ pé irú ẹ̀fọn tí kì í gbé ibà ènìyàn ni òun ń là. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ọdún 1897, ó la irú mìíràn tí ìyẹ́ rẹ̀ ní àmì tóótòòtóó, ó sì rí kòkòrò ibà lára ikùn rẹ̀. Ní ọdún kejì, ní Calcutta, ó tọpa ibà àwọn ẹyẹ dé ibi tí itọ́ ẹ̀fọn ti ń sun. Ní ọdún 1898 yìí kan náà, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ítálì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni ti ènìyàn rí.

Ohun ìyanu pọ̀ lára kòkòrò yìí. Akọ rẹ̀ kì í mu ẹ̀jẹ̀. Omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀. Abo nìkan ni í jẹ ènìyàn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ń bọ́ ẹyin inú rẹ̀. Èyí tí ń gbé ibà a máa gbé ìdí sókè bí ó bá bà. Inú omi ni ó ń yé sí. Ẹyin yóò di tanwíji, tanwíji yóò sì di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ọdún 1899, Ross wá sí Freetown, ó sì rí i pé ẹ̀fọn ilẹ̀ wa náà ń gbé ibà. Ó gba àwọn ènìyàn níyànjú láti fa omi tí ó dúró gbẹ. Ní ọdún 1902, a fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá. Ó kú ní London ní ọdún 1932.

Ibà kò tíì tán ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe fojú kéré omi tí ó dúró nínú kòtò ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ọ̀tá ti ń pa ọmọ rẹ̀.