Obadiah Johnson, Dókítà Tó Tún Ìwé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Kọ

Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá kò ṣàjèjì sí wa ní ẹ̀ka yìí. Dókítà ni àbúrò rẹ̀, Obadiah. Ọdún 1849 ni wọ́n bí i ní Hastings, ní Sierra Leone.

King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó sì gbàwé ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ ní 1884. Ó bọ́ sásìkò: Joseph Lister fúnra rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ nígbà náà, ẹni tó ń fi carbolic fọ ọwọ́, irinṣẹ́ àti ojú egbò. Kó tó gbé ọ̀nà yìí dé, aláìsàn a yè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, egbò a kẹ̀, a sì pa á.

Obadiah gboyè ní Edinburgh ní 1889 lórí ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó.

Samuel kú ní 1901. Ìwé tó ti fi ránṣẹ́ sí òyìnbó atẹ̀wé ti dàwátì. Inú àkọsílẹ̀ wóróúwóróú tó fi sílẹ̀ ni dókítà yìí ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. (Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà ti gbé iṣẹ́ àṣekágbá yín mì rí!) Ó fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi náà, wọ́n gbé e gba Amẹ́ríkà lọ.

Obadiah kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921.