WILLIAM WADÉ HARRIS: ẸNI TÍ Ó KÓRÈ SÍNÚ ABÀ ẸLÒMÍRÀN

Bí a ti ń péjọ láti ẹ̀ka gbogbo fún Ìpàdé Àpapọ̀ Gbogbogbò yìí, ó wù wá láti sọ ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, tí kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n tí ìgbésí ayé rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ rẹ̀ ni William Wadé Harris. Nínú àwọn ènìyàn dúdú tí Ọlọ́run lò ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí ó kó ọkàn jọ tó o. Ohun tí a sì fẹ́ kí a kíyè sí jù lọ ni pé kò kó wọn jọ fún ara rẹ̀.

A bí Harris ní nǹkan bí ọdún 1860 ní ìletò Half Graway, nítòsí Cape Palmas, ní ilẹ̀ Làìbéríà. Ẹ̀yà Grebo ni í ṣe. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọdé, ó gbé lọ́dọ̀ ìbátan ìyá rẹ̀ kan tí í ṣe oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ìwé kíkà. Bí ó ti dàgbà, ó bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, bí àwọn ọmọ etí òkun náà ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní ilé ìwé ìjọ Episcopal ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì tún ṣe ògbifọ̀ fún ìjọba. Nígbà tí aáwọ̀ wà láàárín àwọn Grebo àti ìjọba Làìbéríà, Harris gbè sẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 1909 wọ́n mú un, wọ́n ní ó fa àsíà àwọn Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jù ú sẹ́wọ̀n. Nínú ẹ̀wọ̀n yìí, ní ọdún 1910, ni ó ti jẹ́rìí pé áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì fara han òun, tí ó sì rán òun níṣẹ́. Ẹni tí ó wọ ẹ̀wọ̀n nítorí àsíà ìjọba ayé yìí jáde wá láti máa gbé àgbélébùú kiri.

Ní ìparí oṣù Keje ọdún 1913, ó rékọjá odò Cavally, ó wọ ilẹ̀ Ivory Coast tí ó wà lábẹ́ ìjọba Faransé nígbà náà. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi ń rìn. Ó wọ aṣọ funfun, ó wé láwàní funfun, ó mú ọ̀pá àgbélébùú, Bíbélì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti àwo omi ìrìbọmi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin akọrin bá a lọ. Láti ìletò dé ìletò ni ó ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n kó ère àti ońdè wọn jáde, kí wọ́n dáná sun ún, kí wọ́n sì sin Ọlọ́run kan ṣoṣo. Láàárín nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, a ṣírò rẹ̀ pé ẹni tí ó tó 100,000, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó gba ìrìbọmi lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà náà, àṣà àwọn ìjọ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ìrìbọmi kọ́kọ́ jókòó nínú kíláàsì fún ìgbà pípẹ́. Harris kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn bá kọ òrìṣà sílẹ̀ gan-an ni ó ń rì í bọmi. Ìdí rẹ̀ yé e dáadáa: ẹni tí ó ti sun gbogbo ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé kò gbọdọ̀ padà sílé ní òfìfo, kí ẹ̀rù má baà tún lé e padà sídìí ère. Ó ṣí ilẹ̀kùn ná. Ó gbà pé ẹ̀kọ́ yóò tẹ̀ lé e nínú ilé.

Ṣùgbọ́n inú ilé ta ni? Níhìn-ín ni ìrẹ̀lẹ̀ ọkùnrin yìí ti hàn. Bí ó bá fẹ́ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, ta ni ì bá dá a dúró? Kò ṣe é. Níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bá wà, ó ní kí wọ́n lọ síbẹ̀. Níbi tí ó jẹ́ ìjọ Àgùdà ni ó wà, ó ní kí wọ́n lọ síbẹ̀. Níbi tí kò sí ìkankan, ó ní kí wọ́n kọ́ ilé àdúrà, ó yan àwọn àgbà méjìlá láti máa bójú tó o, ó sì sọ fún wọn pé àwọn olùkọ́ tí yóò ṣí Bíbélì fún wọn ń bọ̀. Bí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti tọ́ka sí Ẹni tí ó ju òun lọ, bẹ́ẹ̀ ni Harris tọ́ka sí àwọn tí yóò kọ́ ohun tí òun kò lè dúró kọ́.

Ní ọdún 1914 ó dé Axim, ní Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì yí padà níbẹ̀. Lọ́yà olókìkí nì, J. E. Casely Hayford, rí i, ó sì kọ ìwé kékeré kan nípa rẹ̀. Nígbà tí Harris padà sí Ivory Coast, ogun ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, ara sì fu àwọn Faransé sí ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé. Ní ìparí ọdún náà wọ́n mú un, wọ́n jẹ ẹ́ níyà, wọ́n sì lé e padà sí Làìbéríà. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé àdúrà tí àwọn ènìyàn kọ́. Léraléra ni ó gbìyànjú láti padà tọ̀ wọ́n lọ, léraléra ni a sì dá a padà.

Síbẹ̀ àwọn ènìyàn náà dúró. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń péjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí àwọn mìíràn gbé Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò lè kà sórí tábìlì, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò kà á fún wọn. Ní ọdún 1924, William Platt, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tí ń bójú tó iṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Dahomey, bẹ̀ wọ́n wò, ẹnu sì yà á sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá níbẹ̀. Ní ọdún 1926, míṣọ́nnárì kan, Pierre Benoît, wá Harris lọ sí Làìbéríà. Arúgbó náà fọwọ́ sí ìwé, ó pàṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n wọ inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó fi ìkórè rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a sọ apá kejì ìtàn yìí pẹ̀lú, nítorí òun ni ó kàn wá jù. Ẹni tí ń fúnni ní ìrẹ̀lẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ń gbani náà ní i. Harris kò lé aláya púpọ̀ padà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ dé, wọ́n bá òfin ìyàwó kan pàdé, wọ́n bá owó ìjọ pàdé, ó sì dà bí ẹni pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi dúró kò já mọ́ nǹkan lójú àwọn mìíràn. A kò sọ èyí láti sọ òfin ìgbéyàwó Kristẹni di yẹpẹrẹ. A sọ ọ́ nítorí pé òfin tí a kò fi sùúrù kọ́ni máa ń dà bí ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ àlejò lójú. Inú àwọn kan bàjẹ́. Ní òpin ọdún 1928, John Ahui àti àwọn mìíràn tọ Harris lọ, ó sì fi Bíbélì àti ọ̀pá lé Ahui lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni ìjọ tí ń jẹ́ orúkọ Harris ti dìde, ó sì wà ní Ivory Coast títí di òní. Bí ẹni tí kò wá orúkọ ṣe wá di ẹni tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọ nìyẹn. Harris kú ní ọdún 1929, ní ilẹ̀ rẹ̀, nínú òṣì.

Ará, àwọn baba wa wí pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Olùṣọ́-àgùntàn tí a bá ṣí kúrò ní ẹ̀ka kan sí òmíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa kó àgùntàn lẹ́yìn bí ẹni pé àwa ni a rà wọ́n. Ẹ̀ka tí ó gba ọmọ ìjọ tuntun láti ìlú mìíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí a bi í léèrè ìwé àti owó kí a tó bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹni tí kò gbọ́ èdè tí a fi ń wàásù, ẹ jẹ́ kí a wá ògbifọ̀ fún un, kí a má sì fi í sí ẹ̀yìn ilé Ọlọ́run. Ó lè ti dúró pẹ́ ju bí a ti mọ̀ lọ, pẹ̀lú Bíbélì tí kò lè kà lórí tábìlì rẹ̀, kí ó tó rí ẹnu ọ̀nà wa.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó lè kórè sínú abà ẹlòmíràn, àti ọkàn tí ó lè gba ìkórè ẹlòmíràn pẹ̀lú ọpẹ́. Àmín.