Samuel Johnson: ìwé sọnù, iṣẹ́ kò sọnù

Láàárín àwọn tó kọ́kọ́ jókòó kọ ìtàn Yorùbá sílẹ̀, orúkọ Samuel Johnson ló máa ń ṣíwájú. Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló dàgbà sí. Ó ṣe tíṣà níbẹ̀, kó tó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà l'Ọ́yọ̀ọ́.

Ẹnu àwọn arọ́kin Aláàfin àtàwọn àgbà ló ti gba ìtàn. Nígbà ogun Kírìjì, ó wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé ní 1886. Kì í ṣe ogun nìkan ló kọ: oyè, ìlà ojú, orúkọ àbísọ, ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, ló bá sọnù sọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901, kò fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ. Lákòókò Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e lọ tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì. Ọdún 1921 ni The History of the Yorubas tó jáde. Obadiah náà ti kú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní Ọ̀yọ́ ló gbé ga jù, pé ìtàn apá ìlà-oòrùn kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn àgbà ṣì wà n'Íkàrẹ́, l'Ọ́ka àti n'Ífira. Ẹni tó bá fẹ́ dí àlàfo náà, kó tètè lọ jókòó tì wọ́n.